Káfíńtà Tó Dúró Lórí Àkàbà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá ọwọ́ mọ́ wa lára, tó ní ká máa nà án sí ẹni tó bá ṣubú. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó tọ ipa rere rẹ̀. Ẹ̀yin jámáà, mo kí yín. Ẹ̀yin àlejò wa tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí, tí ẹ wá bá wa jókòó, ẹ káàbọ̀, ilé yín náà nìyí. Ẹ̀yin ìyá tó wà lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ sún wọlé díẹ̀, oòrùn ń bọ̀ níbẹ̀ yẹn.

Ẹ mọ̀ mí, mo fẹ́ràn àwàdà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba èmi fúnra mi. Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun ò mọ̀. Dandan ni ká yọ ẹni tó bá wà nínú ewu. Ìyẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èyí tí a kì í fẹ́ gbọ́ ló kù: dandan ni ká dáàbò bo ẹni tó yọ ọ́. Ẹni tó fi àníyàn rere na ọwọ́, tí ẹ bá wá gé ọwọ́ náà, kì í ṣe ọwọ́ tirẹ̀ nìkan lẹ gé, ọwọ́ gbogbo ìlú ni. Ọlọ́hun ti sọ ọ́ fún wa pé kò sí ọ̀nà tí a fi lè bá àwọn tó ń ṣe dáadáa wí. Kò sí! Ṣé ẹ gbọ́? Kò fi "àyàfi bí inú bá ń bí Àlàájì" kún un.

Ìlú kan wà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀kalẹ̀ tán, ẹ ó wá fà mí láṣọ, "Àfáà, ìlú wo ni?" Mi ò ní sọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ gbọ́.

Ní ìlú yìí, ilé eléèhá pọ̀. Fún àwọn àlejò wa, eléèhá ni obìnrin tó ń gbé inú ilé, tí kì í jáde sáàárín ọkùnrin àjèjì. Ohun tó dára ni fún ẹni tó bá tọkàn wá, mi ò wá síbí láti bú ẹnikẹ́ni. Nítorí tiwọn, àṣà kan wà ní ìlú náà. Bí ọkùnrin bá fẹ́ gun òrùlé, tàbí tó fẹ́ gun igi, tí ojú rẹ̀ lè já sí àgbàlá ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ké: "Mò ń gòkè o! Ẹ wọlé o!" Á dúró díẹ̀. Àwọn obìnrin á wọlé, wọ́n á bo ara wọn. Ìgbà náà ni yóò tó gòkè. Àṣà tó dára ni, ìtìjú àti ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀.

Káfíńtà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Kásúmù. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Kò pẹ́ tó gbéyàwó, ìyàwó náà sì ti lóyún. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àìlà, Kásúmù wà lórí òrùlé ilé kan, ó ń kan páànù. Ó ti ké kó tó gòkè. Ilé Àlàájì Sànúsí ló fi ògiri ti ilé tó ń kàn náà.

Ta ni Àlàájì Sànúsí? Bàbá Àdínì mọ́sálásí ni. Òun ló ra ẹ̀rọ tó ń fún wọn níná, òun náà ló ra ẹní tí wọ́n ń kírun lé. Bí ó bá húkọ́ ní ìlà iwájú, kíá ni Ìmáàmù máa ń sáré parí ìrun. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ mọ irú wọn! Ìyàwó rẹ̀, Nàfísátù, eléèhá ni. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Rùkáyátù, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìrìn, tó wá ń sáré kiri.

Kásúmù gbọ́ igbe. Ó bojú wo àgbàlá Àlàájì. Ó rí i pé pákó tó bo kànga ti dá sí méjì. Ìyá ọmọ ń sáré yí kànga po, ó ń lu ara rẹ̀, kò sì rí ọmọ.

Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀wọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà lórí òrùlé yẹn, ṣé ẹ ó rọra sọ̀kalẹ̀, ẹ ó rìn yí lọ sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó kanlẹ̀kùn, ẹ ó ní, "Sàláámù àlékùn, ṣé Bàbá Àdínì wà nílé?" Ọmọ ń mumi o!

Kásúmù ò ké. Ó fò láti orí òrùlé bọ́ sórí ògiri, ó sì bọ́ sí àgbàlá láti orí ògiri. Okùn tí wọ́n fi ń fa omi ti gbó. Ó ní, "Ẹ fún mi láṣọ, èyíkéyìí tó bá wà!" Nàfísátù fa aṣọ ẹ̀há rẹ̀ dúdú yẹn kúrò níbi tó sá a sí, ó jù ú sí i. Kásúmù so ó mọ́ okùn, ó so okùn mọ́ òpó, ó wọ inú kànga lọ. Ó gbá ọmọ mú lápá, ó fà á gòkè. Bó ti ń fà á ni apá náà dún, ó kán. Ṣùgbọ́n ọmọ pọ omi, ó sì figbe ta. Alihamudulilai! Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ mọ bí ẹkún ọmọ ṣe lè dùn nígbà mìíràn.

Orí ọmọ yìí ni wọ́n wà tí Àlàájì fi ṣílẹ̀kùn wọlé. Kí ló rí? Ó rí ọkùnrin kan tó tutù rinrin nínú àgbàlá ẹ̀há rẹ̀. Ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ró aṣọ mọ́ àyà, tí kò borí. Ó rí aṣọ ẹ̀há tó ti di okùn. Gbogbo èyí ló rí, kò rí ọmọ.

"Ta ló pè ọ́ síbí?"

"Bàbá, ọmọ ló jìn sí kànga—"

"Mo ní ta ló pè ọ́!"

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ wa ló yọ," Nàfísátù ń sunkún. "Ọlọ́hun ló rán an sí wa."

"Ìwọ, bọ́ sínú ilé!"

Ó fa Kásúmù lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ gbọ́ ẹ̀sùn: ó fo ògiri onílé, ó wo ìyàwó oníyàwó, ó dá ọmọ lápá. Irọ́ wà níbẹ̀ bí? Kò sí irọ́ níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe. Ohun tó ń dẹ́rù bani nìyẹn, pé èèyàn lè kó òótọ́ jọ kó fi pa aláìṣẹ̀. Wọ́n ti ọmọkùnrin náà mọ́lé.

Àwọn àgbà àdúgbò wá ní kí wọ́n jẹ́ káwọn parí rẹ̀ nílé. Ìmáàmù wà ní Mẹ́kà nígbà náà. Wọ́n jókòó, wọ́n mú Kásúmù wá síwájú wọn.

"Kásúmù, ṣé o ké kó o tó wọlé Bàbá Àdínì?"

"Mi ò ké."

"Ṣé o mọ àṣà wa?"

"Mo mọ̀ ọ́n, bàbá. Ọmọ ló—"

"Ó tó. A ti gbọ́."

Wọ́n mi orí sí ara wọn. Ẹjọ́ parí. Kò sí ẹni tó béèrè pé, "Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé ó wà láàyè?"

Àlàájì ní àfi kí Kásúmù búra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á dá a padà sí àtìmọ́lé. Kásúmù kọ̀. Ìyá rẹ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, má jẹ́ kí wọ́n tún tì ọ́ mọ́lé mọ́ mi lójú. Ìyàwó rẹ lóyún. Ṣebí wọ́n kàn ní kó o má wọ ilé olówó mọ́ ni? Kí lo tún fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ má bá a wí. Wọ́n gbé Àlùkùránì lé Kásúmù lórí. Ó ní, "Bí mo bá tún fi ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀ ọgbà Àlàájì Sànúsí, kí Àlùkùránì yìí bá mi jà, kí n má gbé ọmọ tó ń bọ̀ yìí jó."

Àwọn àgbà ní, "Àmín." Kí lẹ ń ṣe àmín sí, ẹ̀yin àgbà? Kí lẹ ń ṣe àmín sí?

Ìmáàmù dé láti Mẹ́kà, wọ́n ròyìn fún un. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò dáa, òun á dá sí i lẹ́yìn ààwẹ̀. Ààwẹ̀ lọ, ọdún Ìtunu lọ, kò dá sí i. Ẹnu àwa àfáà mú bí abẹ bó bá kan ọ̀rọ̀ tálákà. Bó bá kan ẹni tó ra ẹní mọ́sálásí, a ó ní sùúrù lérè.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀rù ń ṣe nínú ìlú. Kò pẹ́ tí ọlọ́kadà kan ṣubú lẹ́bàá ọjà. Àwọn èèyàn yí i po, wọ́n ń wò ó, ẹ̀jẹ̀ ń dà, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án títí àwọn ará ilé rẹ̀ fi dé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹnì kejì á fà á láṣọ: "Rántí Kásúmù o." Orúkọ ọmọkùnrin tó ṣoore di ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ara wọn. Àlàájì ní tirẹ̀ mọ ògiri rẹ̀ ga sí i, ó to ìgò fífọ́ sórí rẹ̀. Ó ra àgádágodo ńlá. Bí ó bá ń jáde, ìta ló ti máa ń ti ìlẹ̀kùn.

Ọyẹ́ dé, gbogbo nǹkan gbẹ. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán ni. Ẹnì kan ní, "Kí ló ń jó?" Wọ́n wò ó, èéfín ń tú jáde ní òrùlé Bàbá Àdínì. Kẹrosíìnì tí wọ́n fi bẹntiróòlù lù ló bú gbàmù nínú sítóòfù. Àlàájì ti lọ sípàdé ní ìlú kejì. Nàfísátù àti Rùkáyátù wà nínú ilé. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò Àlàájì.

Gbogbo ìlú dé sẹ́yìn ògiri. Wọ́n gbé omi dé, wọ́n ń da omi náà sára ògiri. Ẹ gbọ́ o, sára ògiri! Wọ́n ń ké bí àṣà ti wí, "A fẹ́ wọlé o! Ẹ bo ara yín o!" Obìnrin inú ilé ń ké pé, "Ẹ gbà wá o! Ọmọ mi o!" Àwọn ọkùnrin ń wo ojú ara wọn.

"Ìwọ fò ó."

"Èmi kẹ̀? Kí wọ́n wá ní mo wo ìyàwó Bàbá Àdínì?"

"Ẹ ránṣẹ́ sí Àlàájì ná. Kó wá ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀."

Kásúmù gbé àkàbà rẹ̀ dé, ó ń sáré. Gbogbo èèyàn yà fún un. Ó fi àkàbà ti ògiri, ó gùn ún dé òkè, ó tẹ́ àpò sórí ìgò. Ẹsẹ̀ kan ló kù kó gbé kọjá.

Ibẹ̀ ló dúró sí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ló dúró sí. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ìyàwó rẹ̀ láàárín èrò, oyún ti wọ oṣù ìbí. Ó kọjú síwájú, ó gbọ́ ohùn nínú iná. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọmọ ni. Ó ní, "Ẹ sáré pe Ìmáàmù! Kó tú mi sílẹ̀ nínú ìbúra yìí kí n wọlé! Ẹ sáré!"

Wọ́n ní, "Fò ó, Kásúmù! Fò ó!"

Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ fò ó! Ẹ̀yin tí ẹ ò búra!"

Kò sí ẹni tó fò ó.

Ìmáàmù ti lọ kí aláìsàn kan ní òdìkejì ìlú. Ẹni tí wọ́n rán sá lọ sílé rẹ̀, wọ́n ní kò sí nílé. Ó sá lọ síbòmíràn. Nínú iná, ohùn ọmọ ló kọ́kọ́ dákẹ́. Kásúmù ń pariwo sí wọn láti orí àkàbà, omijé ń dà lójú rẹ̀: "Ẹ mọ́kàn le o! Wọ́n ti lọ pe Ìmáàmù! Ó ń bọ̀ o!" Ẹ fi ojú inú wò ó, ìyá tí iná ká mọ́lé, ohun tó gbọ́ kẹ́yìn láyé ni pé Ìmáàmù ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n wá rí Ìmáàmù, bàbá arúgbó náà bọ́ bàtà sílẹ̀, ó ń sáré, láwàní rẹ̀ tú, ó ń wọ́ nílẹ̀. Láti òkèèrè ló ti ń ké: "Wọlé! Ọmọ, wọlé! Kàfárà ni! Bọ́ tálákà mẹ́wàá, ó ti tán! Wọlé!" Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni òrùlé wó lulẹ̀.

Àlàájì dé, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi ṣí ìlẹ̀kùn náà, kò sí ẹni tí wọ́n máa gbà là mọ́. Kásúmù ṣì wà lórí àkàbà. Ọwọ́ rẹ̀ ò ṣí lára igi. Àwọn ọkùnrin ló gùn lọ bá a, wọ́n tú ìka rẹ̀, wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọdé. Àlàájì ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, ó ń bi wọ́n, "Gbogbo yín wà níbí? Ẹ wà níbí, ẹ ń wò ó?" Kí ni wọ́n fẹ́ sọ?

Tálákà mẹ́wàá! Ẹ bá mi wí i. Oúnjẹ tálákà mẹ́wàá, ohun tí ìyá kan lè dáná sè kí oòrùn tó mú. Òun ló wà láàárín Kásúmù àti ẹ̀mí èèyàn méjì, kò sì sí ẹni tó sọ fún un. Ànábì ti kọ́ wa pé ẹni tó bá búra, tó wá rí i pé ohun mìíràn ló dára jù, kí ó ṣe èyí tó dára, kí ó san kàfárà ìbúra rẹ̀, ìyẹn ìtanràn tí ẹni tó bá rú ìbúra ń san. Bí làlúrí bá dé, ìyẹn ọ̀ràn pàjáwìrì, èèwọ̀ á yà lọ́nà. Àlùkùránì wo ló máa bá èèyàn jà torí pé ó wọ inú iná lọ gbé ọmọ?

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Àlàájì Sànúsí gbé oúnjẹ lọ bá Ìmáàmù. Ó ti gbẹ, ẹ ò lè mọ̀ pé òun ni. Ó kúnlẹ̀, Bàbá Àdínì kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìmáàmù, oúnjẹ tálákà mẹ́wàá rèé. Èmi ni mo ní kó búra, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ bá mi pín in. Ẹ fi san kàfárà Kásúmù."

Ìmáàmù wo oúnjẹ náà títí. Òun náà ń sunkún, ó mọ ohun tí òun dákẹ́ lé lórí. Ó ní, "Bàbá Àdínì, ẹ gbé oúnjẹ yín. Ìbúra tí èèyàn bá rú ni wọ́n ń san kàfárà fún. Kásúmù ò rú tirẹ̀. Ó mú un ṣẹ fún yín."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n ṣòfin láàárín ara wọn pé ẹnikẹ́ni tó bá wọ ilé onílé torí àtigba ẹ̀mí là, ẹnì kan kò gbọdọ̀ pè é lẹ́jọ́, ẹni tó bá sì pè é lẹ́jọ́, gbogbo jámáà ló pè. Baálẹ̀ fọwọ́ sí i. Òfin tó dára. Ta ló jí dìde nínú sàréè? Ìyàwó Kásúmù bí láyọ̀, ó sì ń gbé ọmọ rẹ̀ jó. Ṣé ẹ rò pé ó ń rí oorun sùn?

Mo gbọ́ ẹni tó ń kùn lápá ibẹ̀ yẹn. O ní, "Àfáà, bí olè bá wá fi ìrànlọ́wọ́ bojú ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Bí ó bá jalè, ẹ bá olè ṣẹjọ́. Bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìkà, ẹ mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá tọkàntọkàn, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì dá èèyàn lápá níbi tó ti ń fà á yọ, ẹ má fi ẹjọ́ olè dá a lẹ́bi. Ẹ̀yin ọ̀gá ọlọ́pàá tó jókòó níwájú, ẹ má bínú sí mi. Bí ẹnì kan bá gbé ẹni tí mọ́tò gbá wá, tàbí ẹni tí ìbọn bà, ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé ìwòsàn, ẹ tọ́jú èèyàn ná, ìwé ọlọ́pàá á dé bá yín níbẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń tẹ iná mọ́tò kọjá lára ẹni tó nà sílẹ̀ torí ẹ̀rù ẹjọ́, mo mọ̀ pé ẹ̀rù yín ní ìdí, òótọ́ ni. Ìdí yẹn gan-an la gbọ́dọ̀ mú kúrò lónìí. Baálẹ̀ wa wà níbí, Ìmáàmù wa wà níbí, bíṣọ́ọ̀bù náà wà níbí. Kí ẹ tó dìde lórí ìjókòó yín, ẹ sọ ọ́ létí gbogbo wa pé ní ìlú tiwa, ẹni tó bá na ọwọ́ rere kò ní tìtorí rẹ̀ jẹ̀bi. Ẹ má jẹ́ kó di ẹ̀yìn òkú.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́wọ́ àdúà. Ọlọ́hun Ọba, Ìwọ lo mọ àníyàn tó wà lọ́kàn. Fi ọ̀nà hàn wá nígbà tí ojú bá pọ́n, tí kò sí àyè àtibéèrè. Mú ẹ̀rù èèyàn kúrò lọ́kàn wa, fi ẹ̀rù Rẹ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbà wá là lọ́la, má jẹ́ ká ti dè é lọ́wọ́ lónìí. Forí jin Nàfísátù, forí jin ọmọ rẹ̀. Ìbúra tó bá lòdì sí àánú, Ọlọ́hun, fún wa ní ọkàn tí a ó fi rú u.

Ẹ ṣe é sókè, kí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri gbọ́: àmín.